Kí Orí Tó Fọ́ ni Kí Aláàmù Ti Ké

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo dáhùn lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ abẹ́ omi sì ni gbogbo wọn dá lé, pàápàá irú èyí tí àwọn èèyàn ń fi ọwọ́ ara wọn kàn nílé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá mi pàdé lójú ewé yìí, iṣẹ́ tí mo fi ọdún 19 ṣe ni kí n jókòó síwájú pánẹ́ẹ̀lì, kí n máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ tí àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ epo lábẹ́ òkun ń mí nínú yàrá irin. Wákàtí 12 lọ́sàn-án tàbí wákàtí 12 lóru, bó bá ṣe kàn mí. Houston ni mo fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àwọn tó ń kan ọkọ̀ tiwọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ wẹ́dà ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi ẹlẹ́ni-méjì nínú gáréèjì rẹ̀. Àwòrán K-350 tí Kittredge yà ni a ń tẹ̀ lé. Iṣẹ́ irin ti parí, a ti ra bátìrì, ó ku ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ọ́síjìn. Ó ní ìyẹn ti tó, pé bí ọ́síjìn bá ti pé, ẹ̀mí wà. Ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ló yẹ kó máa ké nínú ọkọ̀ yìí, ìgbà wo ló sì yẹ kó ké? — Àbúrò yín, Katy, Texas.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé ọkàn rẹ ò balẹ̀. Má jẹ́ kó balẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ọ̀gágun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì ni Kittredge, ní ìpínlẹ̀ Maine, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. 350 tó wà nínú orúkọ ọkọ̀ náà, iye ẹsẹ̀ bàtà tó lè lọ sísàlẹ̀ ni. Irin nìyẹn ń sọ nípa rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa èémí.

Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rà wúlò, àmọ́ ohun kejì ló kọ́kọ́ rà. Nínú ọkọ̀ tí a ti dé pa, kì í sábà jẹ́ àìtó ọ́síjìn ló ń kọ́kọ́ mú èèyàn. CO2 ni, ìyẹn èémí tí òun fúnra rẹ̀ mí síta. Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ẹni kan tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń wa ọkọ̀ á lo ọ́síjìn bíi lítà 28 ní wákàtí kan. Iye tí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ abẹ́ omi wò ń fi ṣírò nìyẹn. CO2 tó máa mí síta á tó nǹkan bíi lítà 25. Ká ní inú ọkọ̀ yín gba lítà 1,500 afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ara yín àti ẹrù sí i. Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbẹ̀, ẹ ò ṣe nǹkan kan sí afẹ́fẹ́ náà. Láàárín wákàtí kan, ọ́síjìn á ti kúrò ní ìdá 20.9 nínú 100 bọ́ sí nǹkan bíi 17. Ìyẹn ò tíì pa èèyàn. Àwọn tó kọ́lé sórí òkè gíga ń mí ohun tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n CO2, tó jẹ́ 0.04 péré nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn, á ti kọjá 3. Ní ìdá 3, orí ti ń fọ́, èèyàn ti ń mí gúlegúle láìmọ ìdí. Ní 5, òógùn ti bò ó, ìdààmú ti dé. Bó bá sún mọ́ 10, á dákú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1939, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thetis rì nítòsí Liverpool níbi tí wọ́n ti ń dán an wò. Ìdí rẹ̀ yọ sókè lójú omi, àwọn tó wá gbà wọ́n là ń fi ojú rí i. Èèyàn 103 ló wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ìlọ́po méjì iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí àwọn tó wá wo ìdánwò náà. Mẹ́rin ló jáde láàyè. Èémí ara wọn ló pa ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn 99 tó kù.

Ohun tó ń gba CO2 kúrò ni scrubber: agolo kan tí a kó soda lime sí, hóró funfun tó dà bí àgbàdo tí wọ́n fọ́ fún adìyẹ, tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí fáànù bá kú, scrubber ti kú nìyẹn. Nítorí náà aláàmù àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣe, ti fáànù ni. Má gbẹ́kẹ̀ lé gílóòbù tó ń tàn nígbà tí súwíìṣì bá wà ní títàn, torí gílóòbù lè tàn kí fáànù má yí. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde gan-an ni kí aláàmù máa ṣọ́. Kí ẹ tún so ọ̀já kékeré kan mọ́ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí ojú yín máa rí i pé ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Wàyí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Ọ̀rẹ́ mi kan kan ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì, ó kàn án dáadáa, ó ní kí n bá òun wọ̀ ọ́ lọ sínú adágún kan. A ò jìn, 60 ẹsẹ̀ bàtà péré. Ẹ̀rọ CO2 tó so mọ́ ògiri, irú èyí tí wọ́n ń gbé sínú ọ́fíìsì ni, tó ń fi ìdá nínú mílíọ̀nù kan kà á. Bí a ṣe ti ilẹ̀kùn, nọ́ńbà ń gùn: 1,200, 2,800, 4,500. Nígbà tó di 5,000, ó dúró. Inú mi dùn. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé scrubber ti borí, pé ohun tí a ń mí síta àti ohun tó ń gbà ti dọ́gba. A jókòó, à ń wo ẹja. Nígbà tó tó wákàtí kan ààbọ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi lápá iwájú. Mo ní oòrùn tó pa wá lókè kí a tó wọlé ló fà á. Mo tún wo ẹ̀rọ: 5,000.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi lókè, tó di fóònù abẹ́ omi mú. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 ló ń gba nọ́ńbà lẹ́nu mi. Mo ka nọ́ńbà fún un. Kò pẹ́ ni mo tún pè é, mo tún ka nọ́ńbà kan náà fún un bí ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní kí n yọ 7 kúrò nínú 100, kí n máa yọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ 93, mo dúró. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e. Kò wá sí mi lẹ́nu, kò sì dà mí láàmú rárá pé kò wá. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí dòní, pé kò dà mí láàmú. Ó ní kí a máa bọ̀ lókè lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tú afẹ́fẹ́ sínú táńkì, a gòkè.

5,000 ni ẹ̀rọ yẹn lè kà mọ. Ìdá ààbọ̀ péré nínú 100 nìyẹn. Bí àwa ṣe ń wò ó pé ó dúró, CO2 ti bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí a tú agolo scrubber tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, a rí i pé hóró inú rẹ̀ ti rọ̀ sílẹ̀ nítorí gbígbọ̀n tó gbọ̀n lórí tírélà, àyè sì ṣí lápá òkè. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tí kò fi kan hóró. Orí fọ́ mi di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Èmi tí mo ti ṣọ́ èémí ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún 19, mo fi ojú ara mi wo nọ́ńbà tí kò yí padà, mi ò sì bi í léèrè.

Nítorí náà, ẹ ra ẹ̀rọ CO2 tó lè kà dé ìdá 5 nínú 100, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí aláàmù ké lẹ́ẹ̀kíní ní ìdá ààbọ̀, kí ẹ yẹ fáànù àti agolo wò. Kó tún ké ní ìdá 1, ìyẹn sì jẹ́ àṣẹ pé kí ẹ gòkè, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ó máa jíròrò. Ẹ lè rò pé ó ti yá jù, torí pé ní ìdá 1 èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan lára. Ìdí tí mo fi ní kó ké níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ọtí ti ń pa kọ́ ni a ń bi bóyá ọtí ń pa á. Orí tí ẹ máa fi gbọ́ aláàmù náà ni CO2 ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ẹ̀rọ ọ́síjìn tí ọ̀rẹ́ rẹ rà wá ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ ní in, àmọ́ fún ìdí mìíràn. CO2 máa ń kanlẹ̀kùn: orí á fọ́, àyà á máa lọ sókè sódò. Àìtó ọ́síjìn kì í kanlẹ̀kùn. Bí scrubber bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ẹ sì gbàgbé láti ṣí fáàfù ọ́síjìn, kò sí ohun tó máa dùn yín. Ara á fúyẹ́, inú á tilẹ̀ lè máa dùn yín, ẹ ó kàn sùn lọ ni. Ẹ jẹ́ kó ké tó bá bọ́ sí 19.5. Kó tún ké tó bá gòkè dé 23, torí ọ́síjìn tó pọ̀ jù máa ń sọ iná kékeré di iná ńlá. Àwọn mẹ́ta tó jóná nínú Apollo 1 lórí ilẹ̀ ní Florida, ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1967, ọ́síjìn nìkan ló kún yàrá wọn.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn sára rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń tà jù dà bíi bátìrì kékeré tó ń jẹ ara rẹ̀ tán, ọdún méjì sí mẹ́ta ni, bóyá ẹ lò ó o, bóyá ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀ o. Ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe ìdá nínú 100 ni ó ń kà lóòótọ́, prẹ́ṣọ̀ ọ́síjìn ni. Bí afẹ́fẹ́ táńkì bá ń jò sínú ọkọ̀, tí prẹ́ṣọ̀ gòkè, nọ́ńbà rẹ̀ á gòkè, ọ́síjìn ò sì pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ náà.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn altimeter, aago tí awakọ̀ òfuurufú fi ń mọ bí òun ṣe ga tó. Kò lo bátìrì, kì í sì í dédé kú. Bí ẹ bá ń lo ọ́síjìn, tí scrubber sì ń gba CO2, prẹ́ṣọ̀ inú ọkọ̀ á máa wálẹ̀, altimeter á rò pé ẹ ń gòkè. Nínú ọkọ̀ lítà 1,500 tí a sọ, bí ẹnì kan ṣoṣo bá lo wákàtí kan láìtú ọ́síjìn sílẹ̀, altimeter á fi nǹkan bíi 500 ẹsẹ̀ bàtà gùn. Ẹ tú ọ́síjìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á padà síbi tó wà. Òtútù lè tàn án: bí inú ọkọ̀ bá tutù ní digíìrì Celsius kan, á fi nǹkan bíi 90 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà gùn fúnra rẹ̀. Ẹ so tẹmómítà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé sísàlẹ̀ ni altimeter ń lọ, gáàsì kan ń jò sínú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ gòkè, kí ẹ sì rọra tú prẹ́ṣọ̀ dànù kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn orí, kó má baà fò lù yín.

Ti omi ò le: wáyà ìhòòhò méjì tí ẹ fi sísàlẹ̀ pátápátá, omi á so wọ́n pọ̀, aláàmù á ké. Ẹ fi sí àyè bátìrì náà, torí omi iyọ̀ tó bá kan asíìdì bátìrì ń mú gáàsì klórínì jáde. Bátìrì tó ń gba iná sì máa ń tú háídrójìn sílẹ̀, tó bá ti tó ìdá 4 nínú 100, ó lè bú gbàmù. Ẹ fẹ́ ẹ dànù dáadáa kí ẹ tó wọlé. Bátìrì aláàmù gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ náwó lé jù. Ẹ ṣe bọ́tìnnì kan tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, aláàmù á ké. Bó bá ké fún ìṣẹ́jú kan tí kò sẹ́ni tó dáhùn, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tú irin wúwo tí ẹ so mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dànù, kí ọkọ̀ léfòó. Ẹni tó ti sùn lọ ò lè fa ọwọ́ kankan. Kí ẹ sì rí i pé ẹ ti mú kí aláàmù kọ̀ọ̀kan ké lójú ara yín lórí ilẹ̀ kí ẹ tó wọ omi, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wọ omi: ẹ mí sí sẹ́ńsọ̀ CO2, ẹ rẹ wáyà sínú omi, ẹ pa fáànù. Èyí tí kò bá ké, ẹ padà sílé.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ sà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi ti ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi lẹ́yìn ilé wa. Ó kù díẹ̀ kó parí. Ó ní èémí ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òun máa kó sínú rẹ̀, pé kò séwu. Ó fẹ́ kí ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún 14, bá òun wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Kí ni mo lè bi í tí kò fi ní ní ẹ̀rù lásán ló ń bà mí? — Ìyá ọmọ, Tampa, Florida.

Ìdáhùn: Ìyáàfin, ẹ máa ka lẹ́tà yìí sí i létí tó bá gbà.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń fi okùn sọ ọkọ̀ náà sísàlẹ̀ ní òfìfo, kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ máa dé, kí wọ́n tún fà á sókè kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ nìkan, nínú omi tí kò jìn, lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ lè dúró lókè pẹ̀lú yín, kó máa kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Iṣẹ́ gidi ni, òun ló gba èmi là.

Ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ yín sọ, ó mọ ohun tó ń sọ. Wákàtí 72 ni àwọn tó ń fún ọkọ̀ abẹ́ omi ní ìwé ẹ̀rí ń béèrè fún. Ní ọdún 1973, àwọn ọkùnrin méjì, Roger Chapman àti Roger Mallinson, há sísàlẹ̀ òkun lápá ilẹ̀ Ireland nínú ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ́ Pisces III, ní 1,575 ẹsẹ̀ bàtà. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn, wọn ò sọ̀rọ̀, kí èémí má baà tètè tán. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó fà wọ́n jáde. Ọ́síjìn ìṣẹ́jú 12 ló ṣẹ́kù.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọkọ yín pé: èémí ọjọ́ mẹ́ta wo? Ọ́síjìn nìkan ni, tàbí soda lime wà níbẹ̀ pẹ̀lú? Nínú ìṣirò tèmi, ẹnì kọ̀ọ̀kan á jẹ soda lime bí ìdámẹ́rin kílò ní wákàtí kan. Fún èèyàn méjì, wákàtí 72, kílò 36 nìyẹn. Ó tó àpò gàrí kan lẹ́rù. Ẹ ní kó fi ibi tó kó o sí hàn yín. Mo ti rí sìlíńdà ọ́síjìn tó tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ soda lime tó tó wákàtí mẹ́rin, ẹni tó ni ín sì gbà tọkàntọkàn pé ọjọ́ mẹ́ta ni òun ní.

Ìbéèrè kejì: tí ó bá tutù ńkọ́? Nítòsí Key West, níbẹ̀ ní Florida yín, ní oṣù kẹfà ọdún 1973 kan náà, okùn àti irin ọkọ̀ ogun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Johnson Sea Link ní nǹkan bíi 360 ẹsẹ̀ bàtà. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Àwọn méjì tó wà níwájú, nínú yàrá acrylic, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó nípọn tí òtútù kì í tètè wọ̀, yè é. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn, nínú yàrá aluminium, òtútù òkun gba inú irin náà wọlé dé ara kẹ́míkà tó ń gba CO2, kẹ́míkà náà ò lágbára mọ́. CO2 ló pa wọ́n, Edwin Clayton Link àti Albert Stover. Bàbá Link yẹn gan-an ló ṣe ọkọ̀ náà. Nígbàkigbà tí mo bá rántí bàbá yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi tí èèyàn lè mọ̀ ọ́n dé, ọmọ rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ọkọ yín wé mọ́ agolo scrubber rẹ̀ kó má baà tutù.

Ìbéèrè kẹta, ti yín ni: ta ló máa di fóònù mú lókè? Ẹ ní kó kọ́ yín. Ẹ ò nílò láti mọ ẹ̀rọ. Ohùn ọkọ yín lẹ mọ̀, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹ jọ ṣe àdéhùn kó tó wọlé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i, pé bí ẹ bá ní kó gòkè, á gòkè, kò sì gbọdọ̀ bi yín ní ìdí títí ilẹ̀kùn á fi ṣí.

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Harrison Okene lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta nínú ọkọ̀ tó rì, kò ní scrubber, kò ní aláàmù, ó sì wà láàyè. Ṣé gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ń kà sílẹ̀ yìí pọn dandan? — Surulere, Èkó.

Ìdáhùn: Mi ò bínú. Mo mọ omi tó ti ṣẹlẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lápá ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013 ni ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos, ó sì rì sí nǹkan bíi 100 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn 12 ló wà nínú rẹ̀, Okene tó jẹ́ kúùkù wọn nìkan ló yè. Ó lo nǹkan bíi wákàtí 60 nínú afẹ́fẹ́ tó há sínú yàrá kan kí àwọn òmùwẹ̀ tó wá gbé òkú tó rí ọwọ́ rẹ̀.

Ohun méjì ló ràn án lọ́wọ́ tí ọkọ̀ abẹ́ omi ò ní. Èkíní, ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, omi ti tẹ afẹ́fẹ́ yẹn débi pé lítà kan ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà mẹ́rin tòkè. Afẹ́fẹ́ tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pọ̀ ju bí yàrá náà ṣe tóbi lójú lọ. Èkejì, omi òkun ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi òkun a sì máa mu CO2. Òkun fúnra rẹ̀ ni scrubber rẹ̀. Inú ọkọ̀ abẹ́ omi gbẹ ní tirẹ̀, irin ló yí i ká, prẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti òkè. Okene náà san owó afẹ́fẹ́ títẹ̀ yẹn: nǹkan bí ọjọ́ méjì ààbọ̀ ló tún lò nínú yàrá irin kí wọ́n tó rọra mú ara rẹ̀ padà sí prẹ́ṣọ̀ òkè. Bí wọ́n bá kàn fà á jáde lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó kú lọ́wọ́ wọn. Irú àwọn tó máa ń jókòó ti yàrá bẹ́ẹ̀ ni èmi jẹ́, mo sì mọ bí ojú ṣe máa ń wúwo ní aago mẹ́rin ìdájí nígbà tí ẹ̀mí ẹnì kan wà lẹ́yìn gíláàsì. Òun fúnra rẹ̀ ti padà kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, mo sì ń bá ọmọ Yorùbá kan tó ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi ṣe aláàmù rẹ̀. Ó ní dípò kó máa dún píì-píì, kí n fi ohùn èèyàn sí i, kó máa sọ Yorùbá. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? — Portsmouth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdáhùn: Ó bọ́gbọ́n mu gan-an ni, ọmọ mi. Píì-píì márùn-ún tó jọra nínú yàrá irin kan, ẹni tí orí rẹ̀ mọ́ kedere nìkan ló lè dá wọn mọ̀, mo sì ti sọ pé orí ò ní mọ́ kedere.

Fi sọ́kàn pé sípíkà kékeré nínú ariwo fáànù máa ń gbé kọ́ńsónáǹtì mì. Ohùn ọ̀rọ̀ ló máa ń ṣẹ́kù, bí ìgbà tí gángan bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà yan ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn ò jọra. “Omi! Omi!” fún omi tó wọlé, ohùn àárín méjì. “Gòkè! Gòkè!” fún CO2 àti ọ́síjìn, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. “Dáhùn!” fún bọ́tìnnì tí awakọ̀ ò tẹ̀, òkè bọ́ sísàlẹ̀. Tí o bá lu wọ́n lórí gángan, wọn ò ní jọra. Má ṣe kọ gbólóhùn gígùn. Má sì jẹ́ kó máa ka nọ́ńbà fún un, kó sọ ohun tó máa ṣe fún un.

Má jẹ́ kí aláàmù náà dákẹ́ pátápátá tó bá tẹ bọ́tìnnì ìdákẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, kó tún bẹ̀rẹ̀, kí gílóòbù pupa máa tàn títí afẹ́fẹ́ á fi dára.

Ní ti ohùn ẹni tó yẹ kí o gbà sílẹ̀, bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé, lọ bá ìyá náà. Ní kó kọ́kọ́ pe oríkì ọmọ rẹ̀, Àjàní ni o, Àkànní ni o, bó ṣe máa ń pè é nígbà tó bá ń jí i lójú oorun láàárọ̀ kó lọ sílé ẹ̀kọ́. Kó pè é lẹ́ẹ̀mejì, kó wá sọ “Gòkè!” Gbà á sílẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, mú èyí tí ìyá náà ti pariwo jù, kí o sì gbé e sínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú fáànù tó ń yí kí o tó fọwọ́ sí i.